Èèpo Igi Orí Òkè: Ìtàn Pygeum, Oògùn Ìtọ̀ Àgbà Ọkùnrin

Pygeum ni orúkọ tí àwọn oníṣòwò ń pe èèpo igi kan tí kì í hù ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Orí òkè tútù ilẹ̀ Áfíríkà ni ibùgbé rẹ̀: àwọn òkè Kamẹrúùnù, Etiópíà, Kẹ́ńyà àti Gúúsù Áfíríkà, títí kan erékùṣù Madagásíkà. Ní Nàìjíríà, òkè Obudu ní Ìpínlẹ̀ Cross River àti òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba ni a ti ń rí i. Ilẹ̀ Yorùbá kò ga tó ibi tí ara ti lè tù ú. Igi náà a máa ga tó mítà 30, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èèpo rẹ̀ dúdú, ó rí págunpàgun, bí a bá sì fi àdá ṣá a, òórùn kíkorò bíi ti álímọ́ńdì ni yóò jáde, nítorí ẹbí kan náà ni wọ́n. Àwọn ará orí òkè fẹ́ràn igi rẹ̀ nítorí pé ó le, ó sì dára fún ẹ̀rúkọ́ àti ẹ̀rú àáké. Àwọn ẹyẹ àti ọ̀bọ ń jẹ èso rẹ̀. Fún ọgbọ̀n ọdún gbáko, láti nǹkan bí 1970 sí 2000, èèpo yìí ni wọ́n ń bó, tí wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n ń kó gba orí omi lọ sí Yúróòpù, kí àwọn bàbá àgbà níbẹ̀ lè rí ìtọ̀ tọ̀. Òwò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ run igi ọ̀hún lórí àwọn òkè tó ti ń hù láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Àìsàn tó sọ èèpo yìí di ọjà kò ṣàjèjì sí ilé kankan tí àgbà ọkùnrin wà. Pírósítéètì jẹ́ ẹṣẹ́ kékeré kan tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, tó sì yí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde ká. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pèsè apá kan nínú omi tí àtọ̀ ń bá jáde. Nígbà ọ̀dọ́, kò ju awùsá kan lọ, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 20 gíráàmù. Bí ọkùnrin bá ti ń lé ní 40 ọdún, ẹṣẹ́ náà a bẹ̀rẹ̀ sí í wú díẹ̀díẹ̀. Nínú àwọn tó ti lé ní 50, ó tó ìdajì tí tiwọn ti tóbi. Nígbà tí wọ́n bá fi máa lé ní 80, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ti kàn. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń nira fún. Àmọ́ ẹni tó bá nira fún mọ̀ ọ́n lára: á dìde lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, á dúró pẹ́ kí ìtọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ìtọ̀ náà kò ní lágbára, á máa kán tótótó, tó bá sì ṣe tán, á dà bí ẹni pé ó ṣẹ́ kù. Nígbà mìíràn, ìtọ̀ á há pátápátá, ìrora rẹ̀ sì le débi pé ilé ìwòsàn nìkan ni a lè sá lọ. Họ́mónù tí kórópọ̀n ń ṣe ló ń bọ́ wíwú yìí, ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá kí ó tó bàlágà kì í fi í ní in. Wíwú náà kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í di jẹjẹrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì lè wà lára ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí àwọn dókítà ní fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, èyí tí wọ́n sì ní bani lẹ́rù. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò ni wọ́n ń tì gba ojú ara láti fa ìtọ̀ tó há. Ọ̀pọ̀ ló kó àkóràn láti ibẹ̀ tó sì bá a lọ. Ní 1895, J. William White, oníṣẹ́ abẹ ní Philadelphia, kéde pé bí a bá tẹ àgbà ọkùnrin lọ́dàá, pírósítéètì rẹ̀ á sún kì. Fún ọdún mélòó kan, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ìyà tó jẹ wọ́n kò sì kéré. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni Eugene Fuller ní New York ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ikùn ìsàlẹ̀ láti yọ ẹran tó wú náà. Peter Freyer, ará Ireland tó ti ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, ló wá sọ irú iṣẹ́ abẹ náà di olókìkí ní London láti 1900. Ó gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ là, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń ṣòfò, ewu sì wà níbẹ̀ fún arúgbó tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára mọ́. Oògùn tí ènìyàn lè gbé mì nílé kò sí. Ọdún 1992 gan-an ni Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí finasteride, oògùn tó ń dín agbára họ́mónù yẹn kù nínú pírósítéètì.

Àlàfo tó gùn tó bẹ́ẹ̀ ni oògùn ewé àti egbò wọlé sí. Ní Jámánì, kóró elégédé ni àwọn àgbà ń jẹ. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, pàápàá ní Florida, ọ̀pẹ kúkúrú kan wà tí wọ́n ń pè ní saw palmetto. Èso rẹ̀ di oògùn ìtọ̀ tí àwọn dókítà ibẹ̀ ń kọ fún aláìsàn, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé oògùn ìjọba Amẹ́ríkà láti 1906 sí 1916 kí wọ́n tó yọ ọ́. Áfíríkà ló pèsè ẹ̀kẹta, èyí tó wá di ti àwọn ará Faransé.

Ìrìn àjò kan tó kan ilẹ̀ Yorùbá wà nínú bí ayé òyìnbó ṣe kọ́kọ́ kọ orúkọ igi náà sílẹ̀. Ní ìparí ọdún 1861, Richard Burton, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní erékùṣù Fernando Po, ṣe àbẹ̀wò sí Abẹ́òkúta. Nígbà tó di oṣù kìíní 1862, ó ti wà lórí òkè Kamẹrúùnù, òkè tó ga ju mítà 4,000 lọ, pẹ̀lú míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi Alfred Saker àti Gustav Mann, ará Jámánì tó ń kó ewéko jọ fún ọgbà ńlá Kew ní London. Burton so ibi méjèèjì pọ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1863, Abeokuta and the Camaroons Mountains. Àwọn òǹkàwé rẹ̀ wá mọ Burton gẹ́gẹ́ bí arìnrìn-àjò tó gun òkè náà, ṣùgbọ́n nínú ẹrù Mann ni ohun tó máa wúlò jù fún ìṣègùn wà. Láti orí òkè náà àti àwọn erékùṣù tó kọjú sí i, ó fi ewé, òdòdó àti èso gbígbẹ ránṣẹ́ sí Kew, níbi tí Joseph Hooker ti ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1864, Hooker kọ nípa wọn nínú ìwé ẹgbẹ́ Linnean ti London, ó sì sọ igi wa yìí ní Pygeum africanum. Lẹ́yìn ọdún 101, ní 1965, onímọ̀ ará Netherlands kan, Kalkman, fi hàn pé ìdílé álímọ́ńdì àti píìṣì gan-an ló wà, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Prunus africana. Àwọn oníṣòwò kò bá a yí i. Pygeum ló wà lára páálí oògùn títí dòní.

Ohun tí àwọn onílẹ̀ ń fi èèpo náà ṣe pọ̀ ju ọ̀rọ̀ ìtọ̀ lọ. Ní àwọn òkè Kamẹrúùnù, wọ́n ń sè é mu fún ibà àti inú rírun. Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn Zulu ń lò ó fún àyà dídùn. Ìtàn kan tó gbajúmọ̀ nínú àwọn ìwé oògùn sọ pé láti ẹnu àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ni àwọn arìnrìn-àjò òyìnbó ti gbọ́ pé èèpo náà dára fún àgbà tí ìtọ̀ ń ni lára, pé wọ́n ń lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ wàrà, wọ́n á sì mu ún. Ẹnì yòówù kó kọ́kọ́ sọ ọ́, Jacques Debat, ti ilé iṣẹ́ oògùn Debat ní ilẹ̀ Faransé, ni orúkọ tó wọ ìwé. Ní 1966, ó gba ìwé àṣẹ ìjọba tó fún un ní ẹ̀tọ́, òun nìkan, láti fa oje èèpo náà ṣe oògùn pírósítéètì. Ọdún yẹn kan náà ni Charles Huggins gba ẹ̀bùn Nobel nítorí ìwádìí tó ti ṣe láti 1941, tó fi hàn pé jẹjẹrẹ pírósítéètì a máa rọlẹ̀ bí a bá gé họ́mónù ọkùnrin kúrò níbẹ̀. Ayé ìṣègùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọjú sí ẹṣẹ́ yìí gidi ni, ọjà sì ń dúró de ẹni tó bá tètè débẹ̀.

Ní 1966, kò sí òfin àgbáyé kankan tó ní kí ẹni tó bá fi ìmọ̀ ìbílẹ̀ pawó pín nínú owó náà fún àwọn tó ni ìmọ̀. Ọdún 1992, ní Rio de Janeiro, ni àdéhùn àgbáyé lórí ohun abẹ̀mí tó dá irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀. Nígbà yẹn, ìwé àṣẹ Debat ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òwò náà sì ti gbilẹ̀ dé ibi tó gbilẹ̀ dé. Ìrẹ́jẹ ni, kò sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Tadenan ni wọ́n sọ oògùn náà. Àwọn ará Faransé gbà á, àwọn ará Ítálì náà tẹ̀ lé e, nítorí ní orílẹ̀-èdè wọ̀nyí, dókítà fúnra rẹ̀ ló ń kọ oògùn ewé fún aláìsàn bó ṣe ń kọ àwọn oògùn yòókù. Bí àwọn tó ń lò ó ṣe ń pọ̀ sí i, èèpo tí wọ́n nílò ń pọ̀ sí i. Ní 1972, wọ́n dá ilé iṣẹ́ Plantecam sílẹ̀ ní Kamẹrúùnù. Ní Mutengene, lẹ́sẹ̀ òkè ńlá nì, ni wọ́n ti ń lọ èèpo náà, tí wọ́n sì ń fi kẹ́míkà olómi fa oje ọlọ́ràá inú rẹ̀ kí wọ́n tó fi ṣọwọ́ sí Faransé.

Fún ọdún mẹ́tàlá àkọ́kọ́, Plantecam nìkan ni ìjọba fún láṣẹ, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bó èèpo nígbà náà sì mọ́gbọ́n dání. Igi tí ìbú rẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 30, wọn kò ní fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá tó, ẹ̀gbẹ́ méjì tó kọjú síra ni wọ́n máa bó, láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi ẹ̀ka àkọ́kọ́, wọ́n á sì fi ẹ̀gbẹ́ méjì yòókù sílẹ̀ kí oúnjẹ igi lè máa rí ọ̀nà gbà láti ewé dé gbòǹgbò. Ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ni wọ́n á fi jẹ́ kí igi náà sinmi kí wọ́n tó padà wá bó ẹ̀gbẹ́ kejì. Pygeum lágbára láti hu èèpo tuntun, ohun tí ọ̀pọ̀ igi kò lè ṣe. Bí wọ́n bá bó o báyìí, nǹkan bí kílò 55 ni èèpo tútù tí igi kan ń mú wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bó o yí po, ó parí nìyẹn: ewé rẹ̀ á máa re, orí rẹ̀ á gbẹ, láàárín ọdún mélòó kan á kú lórí ìdúró.

Ní 1985, ìjọba Kamẹrúùnù fún nǹkan bí àádọ́ta oníṣòwò mìíràn ní ìwé àṣẹ. Ohun tó dára ni ìjọba ní lọ́kàn, pé kí ọmọ ilẹ̀ náà jẹ nínú ohun ilẹ̀ wọn, ta ló sì lè bá wọn wí lórí ìyẹn? Àmọ́ ìwé àṣẹ náà kò ní ẹ̀kọ́ nínú, kò sì sí olùṣọ́ igbó tó tó láti tẹ̀ lé gbogbo àwọn tó gbà á. Oníṣòwò tó gba ìwé àṣẹ a háyà àwọn géndé, iye kílò tí wọ́n bá gbé wálẹ̀ ni wọ́n á sì gbowó lé. Ẹni tí wọ́n ń fi kílò sanwó fún kò ní rí ìdí tó fi máa fi ìdajì èèpo sílẹ̀ sára igi fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Láìpẹ́, wọ́n ń bó igi yí po. Nígbà tó tún yá, wọ́n ń gé igi lulẹ̀ kí ọwọ́ wọn lè tó èèpo orí ẹ̀ka. Àkókò náà le pẹ̀lú. Ní ìparí ọdún 1980 sí 1989, owó kọfí àti kòkó wálẹ̀ gan-an lọ́jà àgbáyé, owó oṣù ìjọba dín kù, nígbà tó sì di oṣù kìíní 1994, wọ́n gé agbára owó CFA sí ìdajì. Bàbá tó ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́, tí kọfí rẹ̀ kò mú owó wá mọ́, igbó orí òkè ló kù fún un.

Láàárín 1986 sí 1991, Plantecam lọ èèpo tó tó tọ́ọ̀nù 11,537, èyí tó jẹ́ 1,923 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Igbó tí èyí pa lára jù wà ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Kamẹrúùnù, ní òkè Oku, tí wọ́n ń pè ní Kilum-Ijim. Igbó kékeré ni, ó sì ṣe pàtàkì fún àwọn ará Oku, Nso àti Kom tó yí i ká: ibẹ̀ ni omi wọn ti ń sun, ibẹ̀ ni oyin funfun wọn ti ń wá, ibẹ̀ ni àwọn Fon, bí wọ́n ṣe ń pe ọba wọn, ti ń ṣe orò. Inú igbó yẹn náà ni ẹyẹ kan wà tó jẹ́ ọmọ ìyá agbe àti àlùkò, tí ìyẹ́ apá rẹ̀ pupa, tí àwọn olóyè ibẹ̀ sì ń fi ìyẹ́ náà sí fìlà bí àmì oyè. Tìtorí ẹyẹ yìí ni àwọn tó ń dáàbò bo ẹyẹ lágbàáyé fi gbé iṣẹ́ wá sí igbó náà ní 1987. Èèpo ni wọ́n bá lórí ilẹ̀, káàkiri gbogbo igbó, àti òkú igi tó dúró láìní ewé.

Bí a bá fi ìṣirò wo òwò yìí, ó máa ń yà ni lẹ́nu. Èèpo tútù 2,000 kílò ló máa ń gbẹ di 1,000 kílò, 1,000 kílò yìí ni wọ́n sì ń rí oje 5 kílò fà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n tí ọkùnrin kan ń lò lójúmọ́ jẹ́ mílígíráàmù 100, èyí tó di gíráàmù 36.5 lọ́dún. Ó túmọ̀ sí pé ọkùnrin kan ṣoṣo ń jẹ èèpo tútù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 15 lọ́dún. Igi tí wọ́n bó dáadáa, tó mú kílò 55 wá, kò lè tọ́jú ọkùnrin mẹ́rin fún ọdún kan, lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ sinmi fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Oògùn yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń lò fún ọ̀sẹ̀ kan kó sì fi sílẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ á máa lò ó lọ títí ni. Nígbà tó di nǹkan bí 1997, wọ́n ṣírò pé owó tí àwọn tó ń ra oògùn náà ń san lágbàáyé tó 220 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún. Díẹ̀ bíńtín nínú rẹ̀ ló ń dé ọwọ́ géndé tó ru èèpo sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè.

Kamẹrúùnù nìkan kọ́ ló ń tà á nígbà náà. Kẹ́ńyà ń kó o ránṣẹ́, Madagásíkà náà ń kó o, níbi tí gígé igi lulẹ̀ ti di àṣà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1994, àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn CITES, èyí tó ń ṣọ́ òwò ẹranko àti igi tó lè run, pàdé ní Fort Lauderdale, ní ìpínlẹ̀ Florida kan náà tí ọ̀pẹ saw palmetto ti ń hù. Wọ́n fi pygeum sínú ìwé kejì àdéhùn náà, ó sì di òfin ní oṣù kejì 1995. Òfin náà kò ní kí wọ́n má tà á. Ohun tó ní ni pé ẹni tó bá máa kó o jáde gbọ́dọ̀ ní ìwé ìjọba tó jẹ́rìí pé ohun tí wọ́n bó kò ní pa igi náà run. Ìwé ọ̀hún rọrùn láti tẹ̀. Kíkà iye igi tó wà lórí òkè, kí ẹ̀rí náà tó lè jẹ́ òtítọ́, ni iṣẹ́ ńlá tí kò sẹ́ni tó ṣe é dáadáa fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Plantecam ti ilẹ̀kùn ní 2000, ọ̀pọ̀ ará Mutengene àti agbègbè rẹ̀ sì pàdánù iṣẹ́. Àwọn abèèpo ní àwọn abúlé ẹsẹ̀ òkè Kamẹrúùnù kóra jọ sí ẹgbẹ́, kí wọ́n lè máa gba ìwé àṣẹ fúnra wọn, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ara wọn. Ní 2007, Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá rírà èèpo láti Kamẹrúùnù dúró nítorí pé ẹ̀rí kò tó. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nígbà tí wọ́n ti ka igi lórí àwọn òkè kan, tí wọ́n sì ti fi òté lé iye tí ibì kọ̀ọ̀kan lè bó, wọ́n tún ṣí ọ̀nà.

Ǹjẹ́ oògùn náà ń ṣiṣẹ́? Ó yẹ kí ìbéèrè yìí ti ní ìdáhùn tó dúró ṣinṣin kí wọ́n tó bó igi àkọ́kọ́. Ìdánwò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1990, tí wọ́n ṣe fún ọkùnrin 263 ní Jámánì, Faransé àti Austria, fi hàn pé nínú àwọn tó lo pygeum fún ọgọ́ta ọjọ́, 66 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ara tu àwọn. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní oògùn kankan nínú, 31 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ Cochrane kó ìdánwò 18 jọ, tí ọkùnrin 1,562 kópa nínú wọn. Wọ́n rí i pé dídìde lóru dín kù ní nǹkan bí ìdá márùn-ún, ìtọ̀ sì ń jáde pẹ̀lú agbára díẹ̀ sí i. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré fún bàbá tí kò rí oorun sùn. Àmọ́ àwọn ìdánwò náà kéré, èyí tó pẹ́ jù nínú wọn kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́rin lọ, oògùn náà kò sì sọ pírósítéètì tó wú di kékeré.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí saw palmetto ló mú kí ọ̀rọ̀ yìí gba ìṣọ́ra. Àwọn ìdánwò kéékèèké yìn ín fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ́n fi ṣe èyí tó gún régé. Ní 2006, ìdánwò ọlọ́dún kan fún ọkùnrin 225 fi hàn pé kò yàtọ̀ sí hóró òfìfo. Ní 2011, wọ́n sọ ìwọ̀n rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta fún àwọn kan nínú ọkùnrin 369. Òfìfo náà ni. Wọn kò tíì ṣe irú ìdánwò ńlá tó pẹ́ bẹ́ẹ̀ fún pygeum, bẹ́ẹ̀ igi ti san owó rẹ̀ ṣáájú.

Òfin Amẹ́ríkà kan tó jáde ní 1994 tún mú kí ọjà náà tóbi sí i. Ó gba ilé iṣẹ́ láyè láti ta ewé àti egbò nínú kápúsù bí àfikún oúnjẹ, láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn fún ìjọba pé ó ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà, pygeum ti wọ inú àpòpọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n ń tà fún àwọn ọkùnrin, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń pa ohun méjì tó yàtọ̀ pọ̀: ọ̀rọ̀ ìtọ̀, àti ọ̀rọ̀ nǹkan ọkùnrin tí kò lè dìde mọ́. Àwọn méjèèjì sábà máa ń dé bá ènìyàn ní àsìkò ọjọ́ orí kan náà, ìtìjú kan náà ló sì ń mú kí wọ́n fi wọ́n pamọ́, àmọ́ kò sí ẹ̀rí gidi pé èèpo yìí ń ṣe nǹkan kan fún èkejì. Ní oṣù kẹta 1998, nígbà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Viagra, ọjà yìí tún yí padà. Àwọn aláyédèrú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sildenafil, oògùn inú Viagra, mọ́ inú kápúsù tí wọ́n kọ ewé nìkan sí lára, àjọ tó ń ṣọ́ oògùn ní Amẹ́ríkà sì ti kìlọ̀ nípa irú wọn léraléra. Ọkùnrin tó ń lo oògùn ọkàn tó ní nitrate lè kú bí ó bá gbé irú rẹ̀ mì láìmọ̀, nítorí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì. Ní Nàìjíríà, NAFDAC a máa ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ìgò àgbo àti bításì tí òun kàn forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò. Lẹ́tà kékeré ni wọ́n sábà ń fi kọ ọ́, àwọn tó ń ra bításì lálẹ́ nínú ọkọ̀ àti ní gáréèjì kì í sì í kà á.

Ewu tó jinlẹ̀ jù lọ nínú oògùn ìtọ̀ tí ènìyàn ń dá lò ni pé ó lè dá ara rọ nígbà tí jẹjẹrẹ ń dàgbà lábẹ́ rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ jẹjẹrẹ pírósítéètì kì í sábà dun ni. Ní Bìrìtéènì, ọkùnrin kan nínú mẹ́jọ ló máa ń ní in láyé rẹ̀. Láàárín àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, tí àwọn ọmọ Yorùbá wà lára wọn, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA àti ìka dókítà ló lè tètè tọ́ka sí i, èèpo igi kò lè ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, egungun ẹ̀yìn tó ń dunni láìsinmi, ìtọ̀ tó há lójijì: àwọn nǹkan wọ̀nyí kọjá àgbo.

Láti ọdún 1990 sí 1999 ni àwọn àgbẹ̀ òkè ní Kamẹrúùnù ti ń gbin pygeum sáàárín kọfí àti ní ẹ̀bá oko wọn. Kò rọrùn. Kóró rẹ̀ kì í pẹ́ kú bó bá gbẹ jù, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ gbìn ín láìpẹ́ lẹ́yìn tí èso bá ti já, igi kì í sì í so lọ́dọọdún. Ó ń gba ọdún 12 sí 15 kí igi tó tó bó. Àwọn tí wọ́n gbìn nígbà náà ti tó báyìí, ohun tó sì kù tí àwọn òṣìṣẹ́ igbó ń bá yí ni bí wọ́n ṣe máa mọ̀, nígbà tí èèpo bá ti gbẹ tó sì ti wà nínú àpò, èyí tó wá láti oko àgbẹ̀ àti èyí tí wọ́n jí bó nínú igbó. Títí dòní, iye tí òkè kọ̀ọ̀kan lè bó ni wọ́n ń kọ sínú ìwé àṣẹ, wọ́n sì ń ka igi orí òkè kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.